Iná Kú Nígbà Tí Bàálù Wà Lókè: Ẹjọ́ Eré Ìje Tí Mo Dá

Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní ọjà ìlú wa pé tíṣà kan gba náírà 5,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ènìyàn márùn-ún, tí ó ní kí wọ́n máa wa bàálù lọ sí ilẹ̀ oníyìnyín, ẹ má wá ẹni náà lọ títí, èmi ni. N kò jẹ kọ́bọ̀ nínú owó náà. Náírà 25,000 pé pérépéré ní ọjọ́ tí mo kà á lé ọwọ́ ẹni tí ó gbà á. Ṣùgbọ́n bóyá ẹni tí ó tọ́ sí ni ó gbà á, ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà náà nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ rò fún yín lónìí.

Kí ẹni tí kò mọ̀ má baà rò pé ariwo ọmọ iléèwé ti dà mí lórí rú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Eré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí a fi ń wa bàálù. Orí àga ni ènìyàn ń jókòó sí, ojú kọ̀ǹpútà ni ó ń wò, ṣùgbọ́n òkè, odò àti pápá bàálù tí yóò máa rí níbẹ̀ wà ní ipò tí Ọlọ́run àti ènìyàn fi wọ́n sí ní ayé. Atẹ́gùn ń fẹ́, epo ń jó, bí epo bá sì tán, bàálù yóò já. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti àná. Ní 1929, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Edwin Link kan àpótí kan bíi bàálù kékeré, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ tí kò kúrò nílẹ̀, ó sì fi afẹ́fẹ́ mú un máa mì síwá sẹ́yìn, kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ lè ṣe àṣìṣe láìkú. Ní 1982 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé irú eré bẹ́ẹ̀ tirẹ̀ jáde fún kọ̀ǹpútà inú ilé. Èyí tí àwa ń lò ń jẹ́ FlightGear. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣe é láti nǹkan bí 1997, wọn kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ pé tíṣà kì í fi owó oṣù ra eré.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni wíwa bàálù ìgbẹ́. Èmi ni mo fún un ní orúkọ yẹn. Bàálù kékeré ni, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń gbà, táyà rẹ̀ tóbi, orí koríko, orí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí etí odò ni ó sì ń bà sí, ní ibi tí mọ́tò kò lè dé. Bí ẹ bá fẹ́ rí ilẹ̀ rẹ̀, Alaska ni kí ẹ wò, ní òkè àríwá Amẹ́ríkà. Títí di òní yìí kò sí títì mọ́tò tí ó ti Anchorage dé Nome. Ní oṣù Èrèlé 1924 ni Carl Ben Eielson fi bàálù gbé lẹ́tà láti Fairbanks lọ sí McGrath, ìrìn tí ó ń gba àwọn ajá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Síbẹ̀ nígbà tí àrùn ọ̀fun tí ń pa ọmọdé bẹ́ sílẹ̀ ní Nome ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1925, wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé bàálù, nítorí òtútù pọ̀, ibi tí awabàálù ń jókòó sí kò sì ní òrùlé. Àwọn ajá ni ó fa oògùn náà ní máìlì 674, láti Nenana dé Nome, ní ọjọ́ márùn-ún àbọ̀. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ajá náà ni Togo. Ẹ má rò pé orúkọ àwọn aládùúgbò wa ni wọ́n fi sọ ajá o, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Japan kan ni ó ni orúkọ náà.

Ìtàn yìí ni mo sọ ní yàrá àwọn olùkọ́ ní ọjọ́ kan, ni a bá pinnu pé a ó sá eré ìje láti Anchorage dé Nome nínú kọ̀ǹpútà. Àwa márùn-ún ni: Alhaji kan tí ó ń ta aṣọ, tí ó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ìyáàfin tí ó ń kọ́ ìṣirò ní iléèwé wa, ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ rí, tí ó ń tún fóònù ṣe nísinsìnyí, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀lì kan, àti ọkùnrin kan tí ó ń ta mílíìkì àti ṣúgà. Èmi jẹ́ adájọ́. Ẹni tí yóò ṣe adájọ́ kò gbọdọ̀ fò.

Ìje àkọ́kọ́, ìtìjú ni ó já sí. Mo ní kí oníkálukú mú bàálù tí ó wù ú. Alhaji mú Piper Cub, bàálù kékeré tí ó jẹ́ pé aṣọ ni a fi bo ara rẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi fẹ́ràn rẹ̀. Máìlì 75 ni ó ń rìn ní wákàtí kan. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀lì mú Cessna 172 tí ó ń rìn tó máìlì 140. Mo mọ̀ pé kò dọ́gba, nítorí náà mo fún Alhaji ní ìṣẹ́jú sáájú. Láti 1922 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìje King's Cup tiwọn: èyí tí kò yára ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ́ kí ó gbéra, èyí tí ó yára a máa dúró, kí gbogbo wọn lè jọ dé nígbà kan náà bí wọ́n bá wà á dáadáa. Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò. Ní máìlì 150, Alhaji yóò lo wákàtí 2, ọmọ pọ̀lì yóò lo wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 4. Mo fún Alhaji ní ìṣẹ́jú 56. Inú mi dùn sí ìmọ̀ mi.

Ohun tí mo gbàgbé ni atẹ́gùn. Mo jẹ́ kí a lo ojú ọjọ́ tí ó wà ní Alaska gan-an ní ọjọ́ náà, nítorí kọ̀ǹpútà lè fà á wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti iwájú, máìlì 25 ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe é. Máìlì 75 ti Alhaji di 50, nítorí náà wákàtí 2 rẹ̀ di wákàtí 3. Máìlì 140 ti ọmọ pọ̀lì di 115, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 18 ni ó sì lò. Atẹ́gùn kan náà gba ìṣẹ́jú 60 lọ́wọ́ ẹni tí kò ní, ó sì gba 14 péré lọ́wọ́ ẹni tí ó ní. Ìṣẹ́jú 56 tí mo fún Alhaji kò tó mọ́, ó fi 46 dín. Ìyẹn ní ìpele kan ṣoṣo.

Alhaji kò bínú lójú ọjà. Ó pè mí sí ẹ̀yìn káńtà, ó ní, "Tíṣà, ọ̀pá tí o fi wọn aṣọ fún mi kò pé." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kí ó bú mi lọ. Mo dá owó gbogbo wọn padà, mo sì ní kí wọ́n fún mi ní oṣù kan.

Nínú oṣù yẹn ni mo wá rí i pé kíkọ òfin eré ju ṣíṣe eré lọ. Mo pinnu pé Cub ni gbogbo ènìyàn yóò wà, olówó àti tálákà. Mo pín ìrìn náà sí ìpele márùn-ún: Anchorage sí Skwentna, Skwentna sí McGrath kọjá àárín àwọn òkè ńlá, McGrath sí Galena, Galena sí Unalakleet, àti Unalakleet sí Nome. Gbogbo rẹ̀ lé ní máìlì 600. Mo fi ọwọ́ ara mi yan ojú ọjọ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn ṣáájú, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ó fò ní ọjọ́ Ajé rí atẹ́gùn rere, tí ẹni tí ó fò ní ọjọ́ Ẹtì rí ìjì. Ìpele mẹ́rin àkọ́kọ́ rọ̀. Ní ìpele ìkẹyìn nìkan ni mo fi atẹ́gùn máìlì 25 sí láti ìwọ̀-oòrùn, ní iwájú wọn gan-an. Ẹ ó gbọ́ ohun tí ó dá sílẹ̀.

Ìdádúró ńkọ́? Alhaji ní ìrun láti kí, ó sì ní oníbàárà. Ọlọ́jà kò lè sọ fún ẹni tí ó fẹ́ ra aṣọ ẹgbẹ́ pé kí ó dúró nítorí òun wà lórí òkè yìnyín. Mo ní bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ ìpele kan, kí ó parí rẹ̀ ní ìjókòó kan, ṣùgbọ́n láàárín ìpele kan sí èkejì kí ó sinmi bí ó bá ti wù ú. Aago ògiri kọ́ ni a ó gbà. FlightGear lè máa kọ ìrìn bàálù sílẹ̀ fúnra rẹ̀: ibi tí ó wà, gíga rẹ̀, epo tí ó kù. Mo ní kí oníkálukú ṣètò rẹ̀ kí ó máa kọ ìlà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ìwé ìrìn ni àwa ń pè é. Bí ẹnìkan bá mú kí àkókò inú eré sáré ju bí ó ti yẹ lọ, ìwé ìrìn yóò tú u fó. Bí ó bá fi bọ́tìnnì gbé ara rẹ̀ láti ibì kan fò sí ibòmíràn bí iwin, ìlà méjì náà kò ní bá ara wọn mu. Bí ó bá bu epo sínú tánkì lójú òfuurufú, a ó rí i.

Epo ni ó wá kù. Gálọ́ọ̀nù 12 ni Cub ń gbà, ó sì ń jó nǹkan bí 4 àbọ̀ ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40 ni ó lè wà lókè. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè bà sí pápá mìíràn lójú ọ̀nà kí ó bu epo, ṣùgbọ́n yóò dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tí ó bá já, yóò tún ìpele náà bẹ̀rẹ̀, àkókò tí ó ti lò tẹ́lẹ̀ yóò sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà náà ni ọkùnrin onímílíìkì béèrè pé, "Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Mo ní ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́, kí ó tún ìpele náà bẹ̀rẹ̀ láti orí pápá, a kò ní ka ohun tí ó ti lò tẹ́lẹ̀ sí i lọ́rùn, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Mo rò pé àánú ni mo ṣe.

Kí n tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1934, bàálù 20 gbéra ní Mildenhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sá eré dé Melbourne ní Australia. Ibi márùn-ún ni dandan kí wọ́n bà sí: Baghdad, Allahabad, Singapore, Darwin àti Charleville. Scott àti Campbell Black ni ó kọ́kọ́ dé, ní nǹkan bí wákàtí 71. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn ni bàálù àwọn ará Holland tí ń jẹ́ Uiver, èyí tí ó gbé èrò lọ́wọ́ nínú eré ìje. Ìjì mú un ní òru nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé, ó sì sọnù lórí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Albury. Àwọn ará ìlú náà ń tan iná ìlú, wọ́n ń pa á, wọ́n fi ń kọ orúkọ ìlú wọn sí ojú ọ̀run. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò bẹ àwọn onímọ́tò kí wọ́n wá tan iná mọ́tò wọn sí pápá eré ẹṣin. Bàálù náà bà sí ibẹ̀ láìfarapa, ó wọ inú ẹrẹ̀, àwọn ará ìlú fi okùn fà á jáde ní òwúrọ̀, ó sì gba ipò kejì, ó tún gba ẹ̀bùn ti àwọn tí a fún ní ìṣẹ́jú sáájú. Iná ni ó gba bàálù yẹn là. Tiwa, àìsí iná ni.

Nígbà tí ó ku ìpele kan ṣoṣo, ọmọkùnrin atúnfóònùṣe ni ó wà níwájú. Ó fi ìṣẹ́jú 21 ju ìyáàfin olùkọ́ ìṣirò lọ. Ẹ rántí atẹ́gùn tí mo fi sí ibẹ̀. Láti Unalakleet lọ tààrà lórí òkun dé Nome, máìlì 146 ni. Ní máìlì 50 ní wákàtí kan, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 55 ni yóò gbà, epo sì jẹ́ ti wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40. Ìyáàfin ti ṣe ìṣirò yìí sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó tó gbéra. Ó gba Golovin lọ, ó bu epo níbẹ̀, ó dúró fún ìṣẹ́jú 10 rẹ̀, ó dé Nome ní àlàáfíà. Ọmọkùnrin náà kò ṣe ìṣirò kankan. Ó gbọ́ pé atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ le nísàlẹ̀ lójú omi, ó bá kọrí sí Nome tààrà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó pè mí lórí fóònù. "Sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ti mú iná lọ."

Mo ní kí ó fi ìwé ìrìn rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí iná bá dé. Nígbà tí mo ṣí i, ara mi tutù. Ìlà ìkẹyìn fi hàn pé ó ti lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 31. Epo tí ó kù jẹ́ ti ìṣẹ́jú 9. Nome ṣì kù máìlì 20, ìrìn ìṣẹ́jú 24.

Ẹ̀yin náà yóò ti rò ó bí mo ti rò ó. Mo dìde ní òwúrọ̀, mo lọ sí àdúgbò rẹ̀. Ìyá kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ó ń ta ẹja inú fìrísà. Ìyá yìí máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ wákàtí tí iná lọ àti wákàtí tí ó dé sí ara ògiri, kí ó lè mọ̀ bí ẹja rẹ̀ ti pẹ́ tó láìrí òtútù. Mo kí i, mo ra ẹja, mo wo ògiri. Iná lọ ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 52. Ìlà ìkẹyìn ìwé ìrìn, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 51. Ọmọ náà kò purọ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni ó ń lò, kò sì ní bátìrì.

Gẹ́gẹ́ bí òfin tí mo fọwọ́ ara mi kọ, ó ní ẹ̀tọ́ láti tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti là. Ó gba Golovin lọ lọ́tẹ̀ yìí, ó bu epo bí ìyáàfin ti ṣe, ó dé Nome, nígbà tí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fi ìṣẹ́jú 6 borí rẹ̀. Bí iná kò bá lọ ni, òkun ni ì bá já sí, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40 ì bá sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo pe gbogbo wọn jọ. Alhaji ní, "Ẹni tí Ọlọ́run bá fi òkùnkùn bò, kí ni ẹ fẹ́ fi í ṣe? Ẹ fún un lówó rẹ̀." Ìyáàfin kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ gbọ́, Tíṣà. Èmi ṣe ìṣirò epo kí n tó gbéra, ìbàsílẹ̀ Golovin yẹn sì ná mi ní àkókò. Òun kò ṣe ìṣirò, ó jẹ gbèsè, NEPA wá bá a san án. Kí ni mo wá ṣe ìṣirò fún?" N kò ní èsì. Ọmọkùnrin náà kàn ń wo ilẹ̀, ó ní, "Sà, èmi kọ́ ni mo mú iná lọ."

Mo fún un lówó náà. Òfin ni mo dì mú. Bí mo bá yí i padà lẹ́yìn tí mo ti mọ ẹni tí yóò borí, ta ni yóò tún san kọ́bọ̀ lé mi lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú ìyáàfin náà dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Òun náà kò bá mi jà. Ó kàn gbé ìwé wá ní ọjọ́ kan, ó ti kọ òfin tuntun sí i: ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́, ibi tí ìlà ìkẹyìn ìwé ìrìn rẹ̀ bá wà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ní gíga yẹn gan-an, pẹ̀lú epo tí ó kù yẹn gan-an. FlightGear gbà bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti ojú òfuurufú. Mo ní bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ó ní kí a dán an wò.

Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ní òun yóò wà á. Ní yàrá àwọn olùkọ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, a gbé Cub rẹ̀ padà sí ojú òkun, máìlì 20 sí Nome, epo ìṣẹ́jú 9. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ẹ̀ńjìnnì kọ́, ó dákẹ́. Òkè Cape Nome ti wà níwájú rẹ̀. Ó rọra yí imú bàálù sí etí òkun, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀, táyà kan yanrìn, ó fò díẹ̀, ó tún kàn án, ó yí lọ, ó dúró. Ohunkóhun kò ṣe é.

"Ó gúnlẹ̀!" Alhaji pariwo bí ẹni tí ó wà ní pápá bọ́ọ̀lù.

Ìyáàfin ní, "Ó gúnlẹ̀ sí ibi tí kò sí epo. Nome ṣì kù máìlì 12."

"Ṣùgbọ́n kò já," Alhaji ní. "Tíṣà, òfin rẹ sọ pé ẹni tí ó bá já. Ṣé èyí já?"

Gbogbo wọn yí ojú sí mi. Mo wo bàálù kékeré náà lórí yanrìn, mo wo ìwé òfin mi. Kò sí ibì kan tí mo ti kọ ohun tí a ó ṣe fún ẹni tí ó wà láàyè, tí bàálù rẹ̀ pé, tí kò sì lè lọ síwájú. Ọmọkùnrin náà sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí pé, "Sà, mo ti fi lára owó náà ra bátìrì o."

Ìyáàfin ti fa bírò yọ. Ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó ní kí Alhaji tún un sọ, kí ó máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò táàmù kẹta ni a ó tún gbéra ní Anchorage. Náírà 5,000 ṣì ni.